Kánọ̀nù Ló Ń Rìn Kẹ́yìn

Ẹ dìde dúró ná, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó bí òun bá ń kọjá.

Ẹni Ọ̀wọ̀ Kánọ̀nù Tìófílọ́ọ̀sì Olúgbénró ni fíkà ìjọ Áńgílíkà kan ní Àpápá, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni ìjọ kékeré tó wà ní Ajégúnlẹ̀ wà. Èèyàn ńlá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì rí ẹni tó bá a jiyàn. Fágbénró ni bàbá tó bí i ń jẹ́, ṣùgbọ́n Kánọ̀nù ti fọ orúkọ náà, ó ti sá a gbẹ, ó sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Ipò ẹ̀yìn ló fẹ́ràn jù láyé. Ẹ má rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni o. Bí ìjọ wa bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ẹni tó kéré jù ló ń ṣáájú, ẹni tó ga jù ló ń kẹ́yìn. Àgbélébùú yóò kọ́kọ́ jáde, àwọn akọrin yóò tẹ̀ lé e, àwọn wọ́dìn yóò tẹ̀ lé akọrin. Lẹ́yìn náà, àyè yóò ṣófo, àyè tí lọ́rì lè gbà kọjá. Lẹ́yìn àyè yẹn ni Kánọ̀nù yóò wá máa bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọkọ̀ òkun tó ń wọ èbúté. Ìyá arúgbó kan pẹ́ dé lọ́jọ́ Àìkú kan, ó sì yọ́ tẹ̀ lé e wọlé. Kánọ̀nù dá gbogbo wọn padà síta, wọ́n sì tún orin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í lo gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó ní gíláàsì kì í bá aṣọ oyè mu. Láìsí gíláàsì, Kánọ̀nù kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọ́dìn àti òpó iná, ṣùgbọ́n ohun funfun tó bá wà níwájú rẹ̀, akọrin ni, á máa tẹ̀ lé e lọ. Òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan àtẹ̀gùn pẹpẹ.

"Kí ló fà á, sà?" Josaya Gbàdàmọ́sí ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Gbàdàmọ́sí ni wọ́dìn ìjọ Ajégúnlẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, Kírísítẹ́nì ni ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Nítorí pé ní àkókò yẹn," Kánọ̀nù dáhùn, "èmi kì í ṣe èmi mọ́. Mo ti di Ìjọ!"

"Ẹ̀mí yín á gùn, sà!" Wọ́dìn Défísì ti Àpápá ló kígbe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bí Kánọ̀nù bá sín, Wọ́dìn Défísì á ní irú ìsín bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé ní gbogbo Áfíríkà.

Ajégúnlẹ̀ nìkan ló ń dun Kánọ̀nù. Àlùfáà kékeré kan wà níbẹ̀, Ẹni Ọ̀wọ̀ Raphael Onoriode, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ gan-an, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara. Raphael ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nínú ìsìn. Ó ń jẹ́ kí obìnrin ka ẹ̀kọ́ kìíní. Wọ́n á kọ orin Yorùbá, wọ́n á kọ ti ẹ̀yà Ìjọ́, wọ́n á kọ ti Ìgbò, wọ́n á fi Píjìn parí rẹ̀. Ìròyìn yìí dé Àpápá. Kánọ̀nù gbéra, ó wá wò ó, ó sì gun orí àga ìwàásù.

"Ẹ̀yin olùfẹ́," ó ní, "ṣé Ọlọ́run di adití ni? Ta lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ lé ni? Láti òní lọ, kí gbogbo ọwọ́ máa wà ní ẹ̀gbẹ́ ara. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn, kí inú náà máa dùn nínú!"

"Nínú!" Wọ́dìn Défísì dáhùn.

"Sà," Raphael ní, "Dáfídì ọba jó níwájú Olúwa."

"Dáfídì kì í ṣe Áńgílíkà," ni Kánọ̀nù wí.

Ìyàwó Gbàdàmọ́sí ló ń ṣáájú orin àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀. Wosilat lorúkọ rẹ̀. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ orin. Ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, Kánọ̀nù ránṣẹ́ pè é.

"Victoria ni wàá máa jẹ́," Kánọ̀nù sọ fún un.

"Ẹ ṣé, sà. Ta ni Victoria?"

"Ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi, sà. Wosilat ni bàbá mi sọ mí."

Kánọ̀nù lé e jáde. Ó ní kò sí omi kankan nínú ìjọ Áńgílíkà tó lè kan orúkọ Wosilat láìbàjẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Raphael ṣe ìrìbọmi fún un ní Ajégúnlẹ̀, ó pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, omi náà kò sì bàjẹ́. Kánọ̀nù gbọ́, ó ní òun kò gbọ́. Nǹkan tí òun kò bá gbọ́, kò ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1975 ni a wà yìí, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì há ojú omi Àpápá mọ́ra. Agogo tuntun tí ìjọ Ajégúnlẹ̀ rà wà nínú ọkọ̀ kan tó há sẹ́yìn wọn. Wosilat àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi àkàrà tí wọ́n ń dín tà ra agogo náà. Lójoojúmọ́ tí Gbàdàmọ́sí bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè kan náà ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Rekiat, agogo mi ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lójú omi."

"Ṣé ó ti mọ omi wẹ̀ báyìí?"

Agogo náà dé níkẹyìn, wọ́n gbé e kọ́. Wosilat fọwọ́ kàn án, kò lù ú. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá lù ú, gbogbo àdúgbò Bọ́ńdìrì á gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Ní àárọ̀ kan, Gbàdàmọ́sí po tíì gbígbóná fún un, ó gbé e wá síbi ibùsùn. Tíì náà tutù síbẹ̀.

Nínú ìjọ wa, bí ọmọ ìjọ bá kú, wọ́n máa ń lu agogo fún un, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ láàárín. Ohun tí Gbàdàmọ́sí bá lọ sí Àpápá nìyẹn. Kò wá ohun mìíràn ju kí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ gba inú ṣọ́ọ̀ṣì tí obìnrin náà máa ń gbá kọjá, kí wọ́n sì lu agogo.

Ó bá Kánọ̀nù níwájú jígí. Télọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ mú etí aṣọ oyè kan tó ń dán bíi wúrà. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí agogo tuntun wà, láti fi Kánọ̀nù joyè Áàṣídíkìnì, oyè tó ga ju Kánọ̀nù lọ, tó sì kù díẹ̀ kó kan Bíṣọ́ọ̀bù.

"Sà, ẹni mi kú," Gbàdàmọ́sí ní.

"Ta ni?"

"Wosilat, sà. Ìyàwó mi."

Kánọ̀nù yí díẹ̀ kó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ìjọ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Òun ló ń ṣáájú orin, sà."

"Ẹyẹ náà ń kọrin, Josaya. Òfin ní a kò gbọdọ̀ ka ìsìn òkú lé ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi lórí. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin. Èmi wulẹ̀ dà bí òfin ni."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!" Wọ́dìn Défísì ti ibi àga dáhùn.

"Agogo nìkan ńkọ́, sà? Àkàrà rẹ̀ ló..."

"Agogo?" Kánọ̀nù yíjú kúrò nínú jígí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Agogo tuntun yẹn, èmi ni yóò kọ́kọ́ lù fún! Ṣé kí a fi ohùn àkọ́kọ́ agogo ilẹ̀ òkèèrè pe obìnrin alákàrà? Télọ̀, mú ọrùn yẹn wọlé díẹ̀."

Gbàdàmọ́sí kí i pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Ó rìn délé.

Raphael gbọ́, ó lọ bá Kánọ̀nù. Ohùn wọn dé ìta. Nígbà tó jáde, Kánọ̀nù ti ní kò gbọdọ̀ wọ sọ́pílísì, aṣọ funfun àlùfáà, mọ́, kò sì gbọdọ̀ fara hàn ní ọjọ́ oyè.

"Ẹ má bínú, Bàbá Rekiat," Raphael sọ fún Gbàdàmọ́sí. "Ó gba aṣọ lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n kò gba ẹnu mi. Ní Sátidé, ọwọ́ mi dilẹ̀. Màá fi ṣẹ́ẹ̀tì sin ín."

"Kò sí agogo," Gbàdàmọ́sí ní.

"Kò sí agogo, sà. Ẹ forí jì mí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Kánọ̀nù kó àwọn olùtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ jọ fún ìdánrawò. Tonbra ni yóò gbé àgbélébùú, ọkùnrin Ìjọ́ kan tó ń ru ẹrù ní èbúté, nítorí àgbélébùú náà wúwo, ọ̀nà láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀ sì jìn.

"Ẹ fetí sílẹ̀!" Kánọ̀nù ní. "Ibi tí àgbélébùú bá yà sí, ibẹ̀ ni kí gbogbo yín yà sí. Ẹ má wo ọ̀tún, ẹ má wo òsì, ẹ má béèrè. Àgbélébùú ló ń ṣáájú nínú ìjọ wa, ì báà jẹ́ alààyè la ń sìn lọ, ì báà jẹ́ òkú. Tonbra, o gbọ́?"

"I hear, sà."

"Ẹ ò rí ọgbọ́n!" ni Wọ́dìn Défísì wí. Kò mọ ohun tó ń yìn.

Sátidé pé. Oòrùn ràn. Kánọ̀nù bọ́ gíláàsì, ó fi í sápò, ó gbé aṣọ wúrà wọ̀. Wọ́n gbéra ní Àpápá, Tonbra níwájú, akọrin nínú aṣọ funfun, àwọn wọ́dìn, àyè lọ́rì, Kánọ̀nù. Lọ́rì gidi tó ru sìmẹ́ǹtì ń fọn fèrè lọ́tùn-ún lósì, eruku funfun ń bà lé wọn lórí. Kánọ̀nù rò pé fèrè ìkíni ni. Ó ń juwọ́.

Bí wọ́n ṣe dé ìkóríta tó wọ Ajégúnlẹ̀, pósí kan ń ti àdúgbò kékeré bọ̀. Raphael wà níwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé pósí náà léjìká. Gbàdàmọ́sí tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ Rekiat, lẹ́yìn wọn àwọn obìnrin akọrin Wosilat, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun.

Gbàdàmọ́sí rí àgbélébùú, ó sì rò pé wọ́n máa ní kí àwọn kúrò lọ́nà. Ó ti ń sọ fún àwọn tó gbé pósí pé kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tonbra dúró. Ó wo pósí náà. Nígbà tó ti ìlú wọn dé èbúté tí kò mọ ẹnì kan, Wosilat ló ń fún un lóúnjẹ, tó sì ń bú u bí kò bá jẹ ẹ́ tán. Tonbra mí kanlẹ̀. Ó yí àgbélébùú, ó bọ́ síwájú òkú, ó sì forí lé ọ̀nà itẹ́ òkú.

Akọrin yà. Wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì. Àwọn wọ́dìn yà. Wọ́dìn Défísì nìkan ló dúró díẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Kánọ̀nù sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti bí Wọ́dìn Défísì, kò tíì sọ fún ọ̀gá kankan pé "Ẹ dúró." Ó pa ẹnu dé, ó yà.

Àyè lọ́rì ṣófo níbẹ̀. Pósí wọ inú rẹ̀, àwọn ẹbí wọ inú rẹ̀, àwọn obìnrin aláṣọ funfun wọ inú rẹ̀. Kánọ̀nù dé ìkóríta. Ó rí funfun níwájú, ó yà tẹ̀ lé e.

Báyìí ni Wosilat alákàrà ṣe gba Ajégúnlẹ̀ kọjá: àgbélébùú níwájú, akọrin Àpápá tẹ̀ lé e, Kánọ̀nù oníwúrà sì kẹ́yìn. Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá lè má rí irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ gbà.

Àwọn obìnrin ń sunkún. Kánọ̀nù rò pé omijé ayọ̀ ni, ó sì ń súre fún wọn. Àwọn awakọ̀ ṣí fìlà nítorí òkú. Kánọ̀nù mi orí, ó ní, "Ó tó, ó tó." Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ sí orin tí Wosilat fẹ́ràn. Kánọ̀nù kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn lẹ́kun. Lẹ́yìn náà ó rántí pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ó sì gbà pé àtẹ́wọ́ kan wà tí Ọlọ́run fọwọ́ sí. Gbàdàmọ́sí yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó rí wúrà tó ń dán nínú oòrùn. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń rìn lọ.

Wọ́n dé itẹ́. Kánọ̀nù tẹ koríko, ó rò pé kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Raphael bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kánọ̀nù rò pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni, ó sì ń fi ohùn rẹ̀ ńlá ṣe "Àmín" ju gbogbo èèyàn lọ. Ẹnu ya àwọn èèyàn, wọ́n ń yà fún un, ó ń bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú sàréè.

Àtẹ̀gùn pẹpẹ! Ó gùn ún. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Olúwa mi Bíṣọ́ọ̀bù!" ó ní. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Ọjọ́ tí mo ti ń retí láti ìgbà èwe mi nìyí! Ọ̀pọ̀ ló ti ń wo àyè yìí tí wọ́n ń ṣojúkòkòrò sí i. Mo dúró dè é. N kò yẹ ní ẹni tó ń gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi yín, ta ló tún yẹ ẹ́ jù mí lọ?"

Wọ́dìn Défísì pàápàá kò sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ á gùn.

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé," ni Kánọ̀nù wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ síwájú.

Erùpẹ̀ yẹ̀. Gbàdàmọ́sí ló wà nítòsí. Ó gbá a mú lápá, ó fà á padà.

"Ẹ rọra, sà," ó ní. "Wosilat ló ni ibẹ̀."

Kánọ̀nù wá gíláàsì nínú àpò. Ó fi í sójú, ó wo ilẹ̀, ó wo pósí, ó wo Gbàdàmọ́sí. Bí ó ṣe wò wọ́n, ó tún bọ́ ọ.

Bíṣọ́ọ̀bù ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Ajégúnlẹ̀ láti àárọ̀, lórí bẹ́ǹṣì, nínú oòrùn. Èèyàn kékeré ni, kì í pariwo. Ẹ̀pà súnsun ló ń jẹ nígbà tí gbogbo wọn yọ, pẹ̀lú erùpẹ̀ itẹ́ òkú ní bàtà wọn.

"Kánọ̀nù, ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní òkú lẹ sin bọ̀."

"Olúwa mi..."

"Ìbéèrè kan ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé òkú lẹ ń tẹ̀ lé, àbí ẹ kò mọ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ibi tó há sí. Bó bá ní òun kò mọ̀, gbogbo Ajégúnlẹ̀ yóò máa sọ ọ́ títí ayé pé Kánọ̀nù wàásù fún sàréè. Bó bá ní òun mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ òfin ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ní òun kò mọ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kó sì tán síbẹ̀. Ẹlòmíràn kì í ṣe Kánọ̀nù.

"Mo mọ̀ dájú, Olúwa mi," ó ní. "Àánú ló ṣe mí."

"Ó dáa. Ọmọ ìjọ ni obìnrin náà, nígbà náà?"

"Ó... bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ṣe ìrìbọmi?"

Kánọ̀nù wo Raphael. Raphael ń wo bàtà rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Orúkọ wo ló fi ṣe é?"

Kánọ̀nù sọ ọ́ bí ẹni ń tu egungun ẹja. "Wosilat."

"Etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́, Kánọ̀nù."

"Wosilat!"

Gbàdàmọ́sí gbọ́ ọ. Rekiat náà gbọ́ ọ, ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Bíṣọ́ọ̀bù gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lẹ́sẹ̀, ó dìde, ó wá bá wọn.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, bàbá. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ǹjẹ́ nǹkan kan kù?"

"Agogo, sà," Gbàdàmọ́sí ní. "Wọn ò lu agogo fún un."

"Ta ni kò jẹ́?"

Gbàdàmọ́sí gbójú sókè wo agogo. Ọkùnrin tó ń lu agogo na ọwọ́ sí okùn, Bíṣọ́ọ̀bù sì gbé ìka kan sókè.

"Rárá. Ẹni tó sin òkú ni kó lù ú. Kánọ̀nù, ọmọ ìjọ yín ni."

Kánọ̀nù Tìófílọ́ọ̀sì Olúgbénró, nínú aṣọ wúrà, di okùn mú. Ó fà á. Agogo tí wọ́n fi àkàrà rà la ohùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gba orí páànù ilé kọjá, ó gba Bọ́ńdìrì kọjá, ó dé ojú omi. Ìdákẹ́jẹ́. Ó tún fà á. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù kò ní kó dúró, nítorí náà ó ń fà á lọ.

Wọ́n bi Tonbra lẹ́yìn náà pé kí ló dé tó fi yà.

"Na wetin Canon teach us," ó ní.

Oyè Áàṣídíkìnì kò wáyé lọ́jọ́ náà. Bíṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi òun sílẹ̀ nínú oòrùn nítorí àánú, oyè ti kéré jù fún un, iṣẹ́ àánú ló tọ́ sí i. Ó rán an lọ sí Snake Island, láti máa bójú tó àwọn apẹja tó ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà kan níbẹ̀. Ó dá sọ́pílísì padà fún Raphael. Wọ́dìn Défísì ti ń kígbe "Ẹ̀mí yín á gùn!" fún fíkà tuntun kí ẹni náà tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Gbàdàmọ́sí wà ní èbúté lọ́jọ́ tí Kánọ̀nù fẹ́ sọdá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ebinimi ló ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n náà. Kánọ̀nù wọ inú rẹ̀ tàpótí tàpótí, ó sì lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀, lẹ́yìn pátápátá.

"Bàbá, comot for there," Ebinimi ní. "Na me dey siddon for back. Àbí ẹ̀yin lẹ máa tukọ̀?"

Kánọ̀nù wò yíká bóyá ẹnì kan á bá òun dá sí i. Ó dìde, ọkọ̀ mì, ó jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja méjì. Ebinimi bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ti ọkọ̀ kúrò létí omi.

Gbàdàmọ́sí wò wọ́n títí wọ́n fi kéré. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí tíì náà ti tutù. Ó yára yí ẹsẹ̀ padà sí ọ̀nà ilé kó lọ sọ ọ́ fún Wosilat. Ó ti rìn dé ẹnu géètì èbúté kó tó rántí.